Ìbọn ìléwọ́ afẹ́fẹ́ àtijọ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀ ń fọ́n ọta ká: ṣé ọ̀pá rẹ̀ ló ti jẹ tán ni?

Ọmọ Ọlóyèmẹkùn (Òkè-Ìjẹ̀bú, Àkúrẹ́)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ ìbọn ìléwọ́ kan ni mo gbé wá, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí ó ti di oṣù kẹta báyìí tí mo ti ń bá a fà á tí n kò sì rí ìdí rẹ̀.

Webley Senior ni wọ́n ń pe ìbọn náà. Ilé iṣẹ́ Webley & Scott ní Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe irú rẹ̀ láti ọdún 1930 títí di ọdún 1964. Kò gba ẹ̀tù. Afẹ́fẹ́ tí sípíríǹgì inú rẹ̀ ń tì ló ń lé ọta jáde, ọta kan ṣoṣo ló sì ń jẹ lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá fẹ́ ki í, a ó tú ìkọ́ tó wà lẹ́yìn, a ó di ọ̀pá mú, a ó gbé e sókè lọ síwájú títí sípíríǹgì yóò fi há, a ó fi ọta sí ìdí ọ̀pá, a ó sì dá ọ̀pá padà sí àyè rẹ̀. Bàbá mi, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíyẹ kòkó wò fún ìjọba, ló rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń di ẹrù rẹ̀ padà sílé nígbà tí òmìnira kù díẹ̀. Ìwé àṣẹ rẹ̀ pé lọ́wọ́ bàbá, lẹ́yìn tí a sì sin wọ́n tán, mo gbé ìbọn náà lọ fún àwọn ọlọ́pàá, mo gba ìwé tèmi kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìdajì èsì rẹ̀ bi mí nípa òfin.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí bàbá bá wà nílé lọ́jọ́ Sátidé, wọn a máa to ìdérí ìgò mínírà mẹ́fà sórí ìtì igi kan tó wà ní ìdí ògiri ẹ̀yìnkùlé, wọn a rìn ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá sẹ́yìn, wọn a sì máa já wọn bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó tàsé méjì nínú mẹ́fà.

Ó wá kàn mí. Mo fi téèpù wọn mítà 6 ní ẹ̀yìnkùlé kan náà, mo gbé páálí tó kún fún àkísà àti ìwé ìròyìn síwájú ògiri, mo lẹ bébà mọ́ ọn, mo sì yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ihò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fọ́n ká bí ibi tí adìyẹ ti ta ilẹ̀; láti èyí tó jìnnà jù lápá òsì dé èyí tó jìnnà jù lápá ọ̀tún jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 19, bí ìbú àwo ọbẹ̀ ni. Méjì nínú àwọn ihò náà kò tilẹ̀ rí róbótó. Wọ́n gùn, bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ ni ọta fi wọlé.

Mo ti fi kẹrosíìnì àti àkísà fọ inú ọ̀pá. Mo ti fún gbogbo síkúrù tó wà lára rẹ̀. Mo gbé e lé àpò yanrìn lórí tábìlì, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú pinpin, kò yàtọ̀. Lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan ni mo ń sún àlàfo ìwòye ẹ̀yìn (àlàfo kékeré lẹ́yìn ìbọn tí a ń gba inú rẹ̀ wo ọ̀kánkán) sí ibi tó yẹ, síbẹ̀ ọta tó tẹ̀ lé e a tún gba ibòmíràn lọ. Ọkùnrin kan tó ń tún ohun èlò irin ṣe ní apá Arákàlẹ̀ wò ó, ó ní ọ̀pá ti jẹ tán, pé kí òun gé e ní ẹnu díẹ̀, kí òun sì lu inú rẹ̀ tuntun. Ọkàn mi kò gbà fún un.

Ní ti ọta, tuntun ni, agolo rẹ̀ mọ́ tónítóní, 5.5 mílímítà ni wọ́n kọ sí i. Wọn kì í há rárá: bí mo bá ti sọ ọ́ sí ẹnu ibẹ̀, ó ti wọlé fúnra rẹ̀, kò dà bí ti ayé bàbá tí a ní láti fi àtàǹpàkò tì í.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé òótọ́ ni ọ̀pá náà ti kú, tàbí ohun mìíràn wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò?


Ọmọ Ẹ̀kímọ̀gún (Òǹdó)

Àbúrò, ẹ kú ìrọ́jú ti bàbá, Ọlọ́run yóò tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Inú mi dùn pé ẹ ti mú ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ kúrò lọ́nà, torí pé òfin ìbọn ọdún 1959 fi ìbọn ìléwọ́ ẹlẹ́tù sára àwọn tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní rárá, títí kan àwọn ti àtijọ́ tó ń lo òkúta ìṣáná, ṣùgbọ́n ó fi ti afẹ́fẹ́ sára àwọn tí a lè gba ìwé fún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ìyàtọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí irú ìbọn yín fi ń jẹrà nínú àpótí káàkiri ilẹ̀ yìí.

Mo ti fi ṣakabùlà ṣọdẹ ní igbó tó wà lọ́nà Orè fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, mo sì ní ìbọn afẹ́fẹ́ gígùn kan nílé tí mo fi ń lé àwọn ẹyẹ tó ń jẹ àgbàdo mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kí ènìyàn tó di ẹ̀bi ru ìbọn, kí ó kọ́kọ́ wo ọwọ́ àti ojú ara rẹ̀. Ẹ̀bi mẹ́ta ni mo rí nínú àlàyé yín, ẹ má bínú.

Èkíní ni dídì í mú pinpin. Ìbọn afẹ́fẹ́ onísípíríǹgì kò jọ ṣakabùlà. Bí ẹ bá ti fa tírígà, kí ọta tó kúrò lójú kan ni sípíríǹgì àti písítìn (irin tí sípíríǹgì ń tì láti fún afẹ́fẹ́ pọ̀) ti ń sáré nínú, ìbọn sì ti ń fò lọ́wọ́ yín nígbà tí ọta ṣì wà nínú ọ̀pá. Nínú Webley yín, nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é, ẹ̀yìn ni písítìn ń sáré wá, sí ọ̀dọ̀ ẹni tó mú un, iwájú ni ara ìbọn sì máa ń ta sí. Bí ẹ bá fún un pa lónìí, tí ẹ dẹ ọwọ́ lọ́la, tí ẹ tún fi irin rẹ̀ lé yanrìn líle lọ́tùn-ún-la, ìfò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò fò. Ẹ mú un bí ẹni mú ọwọ́ ọmọdé tí ẹ fẹ́ sọdá títì, kí ó má bọ́, kí ó má sì dùn ún, kí ẹ sì jẹ́ kí ọwọ́ yín sinmi lórí fóòmù, kì í ṣe irin ìbọn.

Èkejì ni pé ọta ìbọn yìí kì í yára. Kò tó mítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ kò gbọdọ̀ tíì gbé ojú kúrò lára ṣóńṣó iwájú (irin kékeré tó yọ sókè lẹ́nu ọ̀pá, tí a fi ń wo ọ̀kánkán) nígbà tí ẹ bá gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi rí ihò lórí bébà.

Ẹ̀kẹta, ẹ dákun, ẹ fi àlàfo ẹ̀yìn yẹn sílẹ̀ lójú kan! Ẹni tó bá ń sún un lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan, òjìji ló ń lé. Ẹ yin márùn-ún sí ojú kan náà, ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín àwọn ihò méjì tó jìnnà síra jù lọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ pààrọ̀ bébà, kí ẹ tún yin márùn-ún mìíràn. Ibi tí wọ́n pọ̀ sí kò tíì kàn wá báyìí, bóyá wọ́n sún mọ́ra ni ọ̀ràn.

Mo tún fẹ́ bi yín léèrè ọjọ́ orí. Bí ẹ bá ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ẹ sì ń lo gíláàsì ìkàwé, gíláàsì yẹn kì í ṣe ti ìbọn ìléwọ́, nítorí ìwé tí a bá gbé sítòsí ojú la ṣe é fún, bẹ́ẹ̀ ṣóńṣó iwájú jìnnà tó gígùn apá. Ẹ lo èyí tí agbára rẹ̀ kéré sí i, àmì ọ̀hún ni kí ẹ jẹ́ kí ó ṣú díẹ̀ lójú yín, kí ṣóńṣó mọ́ kedere. Èmi rò pé kò sí ohun tó ṣe ìbọn náà.


Ọmọ Ọlóyèmẹkùn

Mo dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹni ọdún 57 ni mí, ẹ sì mọ̀ ọ́n gan-an: gíláàsì ìkàwé ni mo lò. Mo yá òmíràn tí agbára rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó mi, mo ká aṣọ ìbora sórí tábìlì, mo fi ọrùn ọwọ́ mi lé e, n kò sì fọwọ́ kan àlàfo ẹ̀yìn rárá. Bébà márùn-ún ni mo lò, ọta márùn-ún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó dára jù fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 11, èyí tó burú jù jẹ́ 14. Ó sàn ju 19 lọ, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ihò gígùn méjì tún wà níbẹ̀, ọwọ́ mi kò sì lè mú kí ọta fi ẹ̀gbẹ́ wọ bébà.


Ọlọ́wọ́-irin (Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo ohun tí Bàbá Òǹdó sọ nípa ọwọ́ àti ojú ni ó tọ̀nà, àyàfi gbólóhùn tó kẹ́yìn. Gbólóhùn kan wà nínú ìbéèrè yín àkọ́kọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín kà sí ohun rere, òun gan-an sì ni ẹjọ́: ẹ ní ọta tuntun ń wọlé fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Inú ọ̀pá ìbọn yín kò dán bí ti páìpù omi. Àwọn ìlà wà nínú rẹ̀ tó lọ́ bí okùn láti ìdí dé ẹnu, iṣẹ́ wọn sì ni kí wọ́n gbá ọta mú, kí wọ́n mú un yí bí òkòtó bí ó ti ń lọ. Òkòtó tó ń yí a máa dúró gírí. Èyí tí kò bá yí a ṣubú. Ọta òjé tí kò bá fún mọ́ àwọn ìlà wọ̀nyí yóò kàn yọ̀ kọjá ni, kò ní yí dáadáa, bí ó bá sì dénú afẹ́fẹ́ yóò máa ta gbọ̀ngbọ̀n, nígbà mìíràn yóò fi ẹ̀gbẹ́ wọ bébà. Ihò gígùn yín nìyẹn. Bí ọ̀pá bá tilẹ̀ ti jẹ díẹ̀, ọta tó bá kún inú rẹ̀ ṣì máa ń yí.

Ìdí tí ọta tuntun kò fi kún un ni pé ohun tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní .22 (ìwọ̀n ìbú ọta ní ínǹṣì) láyé ìgbà náà tóbi ju 5.5 tí gbogbo ayé ń ṣe báyìí lọ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìbọn afẹ́fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ sún mọ́ 5.6, ìdí sì nìyẹn tí ilé iṣẹ́ Eley fi ṣe ọta tí wọ́n ń pè ní Wasp ní 5.6 fún wọn. Ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà, ẹ óò ní kí ló wà nínú ìyẹn? Nínú ìbọn gígùn alágbára, bóyá ni yóò hàn, torí pé afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde lẹ́yìn ọta ní agbára láti fẹ ìdí rẹ̀ tó ṣófo yẹn títí yóò fi kún ọ̀pá. Ìbọn ìléwọ́ yín kò ní agbára yẹn. Bí ọta bá ṣe tóbi tó nígbà tó wọlé ni yóò ṣe tóbi tó nígbà tó bá jáde.

Ìyà kejì tún wà nínú ọ̀rọ̀ wíwọlé fúnra rẹ̀ yìí. Bí ẹ bá fi ọta sí i, tí ẹ sì dá ọ̀pá padà pẹ̀lú agbára, ọta tí kò fún yóò sún síwájú nínú ọ̀pá. Nígbà kan ó lè sún díẹ̀, nígbà mìíràn kí ó sún jìnnà. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti máa bá a yóò wá yàtọ̀ lójoojúmọ́, agbára rẹ̀ yóò yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà yóò sì hàn lórí bébà, ní òkè àti ní ìsàlẹ̀.

Ẹ má gbà mí gbọ́ lásán, ẹ dán an wò. Ẹ rí i dájú pé kò sí ọta nínú ìbọn àti pé sípíríǹgì kò há, kí ẹ sì tú ọ̀pá kúrò níwájú níbi tí ó ti ń yí. Ó ṣeé tú. Webley ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ènìyàn lè pààrọ̀ ọ̀pá .177 (ọta tó kéré sí i) àti .22 lórí ìbọn kan náà. Ẹ fi ọta tuntun kan sí ìdí rẹ̀, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní ìṣó lórí tì í díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi yọ lẹ́nu. Ẹ ṣe bákan náà fún ọ̀kan nínú ọta àtijọ́ bàbá, bí ó bá ṣẹ́ kù. Ẹ gbé àwọn méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí fún wa.

Nígbà tí ọ̀pá bá wà nílẹ̀, ẹ wo wọ́ṣà kékeré tó wà níbi tí ìdí ọ̀pá ti ń pàdé ara ìbọn, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbà kọjá bọ́ sínú ọ̀pá. Tó bá ti le bí ìwo, tàbí tó ti sán, afẹ́fẹ́ yóò máa sá gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò ṣòro: lẹ́yìn tí ẹ bá ti to gbogbo rẹ̀ padà, ẹ fi ọta sí i, ẹ ya tíṣù fẹ́ẹ́rẹ́ kan bí ìka méjì, ẹ tẹ́ ẹ lé ibi ìpàdé náà, ẹ kọ ojú ìbọn sí páálí, kí ẹ yìn ín. Bí tíṣù bá fò, afẹ́fẹ́ ń jò. Ẹ má ṣe yìn ín láìní ọta nínú o, nítorí ọta ni ó ń dá afẹ́fẹ́ dúró tí písítìn kò fi ń fi orí sọ irin.

Kí ẹ sì tún di ẹnu ọ̀pá mú nígbà tí ìbọn bá wà ní pípadé, tí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀, kí ẹ mi ín sí ọ̀tún àti sí òsì. Ọ̀pá ni ó ru ṣóńṣó iwájú. Bí ó bá ń mì, ìwòye yín kò lè dúró lójú kan, kódà bí ẹ bá jẹ́ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀.


Ọmọ Ọlóyèmẹkùn

Mo ti ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀ bí mo ṣe rí i.

Ọ̀pá kò mì rárá, ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀. Nínú àpótí bàbá mo rí agolo ọta àtijọ́ kan tí ìpẹtà ti jẹ ìdérí rẹ̀. Mo kà á, 43 ló ṣẹ́ kù, àwọn mìíràn ti funfun bí ẹni pé a da ẹfun lé wọn lórí, ṣùgbọ́n bí 30 ṣì dára. Mo ti ọta tuntun gba inú ọ̀pá kọjá: igi náà ń lọ bí ẹni ń fi ìka ti òwú, n kò tilẹ̀ mọ̀ ìgbà tó jáde, ó já bọ́ sórí tábìlì. Èyí tó jẹ́ ti bàbá kọ́kọ́ kọ̀. Mo ní láti fi àtẹ́lẹwọ́ ti igi náà, ó wá ń lọ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú agbára kan náà láti ìdí títí dé ẹnu, kò sí ibi tó ti há jù, kò sì sí ibi tó ti dẹ̀.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn. Lára ti bàbá, àmì àwọn ìlà náà hàn yípo ìdí àti orí rẹ̀, wọ́n dá ṣáká bí ilà ojú tí olóòlà tó mọ iṣẹ́ kọ. Lára tuntun, apá kan ìdí rẹ̀ nìkan ni irin fi ìka kàn. Orí rẹ̀ ń dán bí ó ti ń dán nínú agolo. Nígbà náà ni ó yé mi pé ọ̀pá náà kò kú. Ebi ló ń pa á.

Wọ́ṣà ni ti burúkú. Ó ti le, ó sì ti fọ́ lápá kan. Mo ṣe ti tíṣù: ó fò kúrò níbẹ̀, ó bà lé mi lórí itan. Síbẹ̀, pẹ̀lú wọ́ṣà tó fọ́ náà, mo yin ọta bàbá márùn-ún, sẹ̀ǹtímítà 6 ni wọ́n fẹ̀, gbogbo ihò sì rí róbótó.

Ìbéèrè tó kù ni pé níbo ni mo ti fẹ́ rí ọta 5.6 ní Àkúrẹ́, kí sì ni mo lè fi ṣe wọ́ṣà?


Ọlọ́wọ́-irin

Mo rò ó bẹ́ẹ̀! Ní ti wọ́ṣà, ẹ mú èyí tó fọ́ náà lọ sọ́dọ̀ aránbàtà tó mọ iṣẹ́, kí ó gé awọ màlúù tí ó nípọn ju ti àtijọ́ lọ díẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, kí ihò àárín rẹ̀ má ṣe kéré ju ihò afẹ́fẹ́ lọ. Awọ ni kí ẹ lò, ẹ má lo rọ́bà táyà. Ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ níbẹ̀, yóò gbaná lára afẹ́fẹ́ tó gbóná, ẹ ó máa gbọ́ ìró tó lágbára, ẹ ó máa rí èéfín, ọta kan yóò sì máa lọ pẹ̀lú agbára tó ju ti èkejì.

Ní ti ọta, títí ẹ óò fi rí èyí tó tóbi rà lọ́wọ́ ẹni tó ní àṣẹ láti tà á, ẹ lè fẹ ìdí ti tuntun. Ẹ gbé e dúró, ẹ fi irin róbótó kékeré inú bíárìn kẹ̀kẹ́ lé ihò ìdí rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ títí ẹ ó fi ní láti fi àtàǹpàkò tì í wọ ọ̀pá.


Ọmọ Ufẹ̀ Òkè (Ìdànrè)

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò sì fẹ́ dá sí i nítorí ó ń lọ dáadáa, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ fífẹ ìdí ọta yìí tán. Mo ti ṣe é rí lórí ìbọn afẹ́fẹ́ gígùn kan. Ọwọ́ ènìyàn kì í tẹ nǹkan lọ́gbọọgba. Ọ̀kan yóò fẹ̀ jù, ọ̀kan yóò wọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ìdí tó bá sì wọ́ burú ju ìdí tí kò kún lọ. Orí ọta náà kò sì tíì kan ìlà, ìdí nìkan ni ẹ ṣe. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ ṣe é, ẹ gbẹ́ ihò tí kò jìn sínú pátákó líle tí ọta lè jókòó sí ní òòró, kí irin róbótó náà má lè kọjá ìwọ̀n kan, kí ẹ sì ju gbogbo èyí tó bá wọ́ nù. Òjé ni, ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó jẹun.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé gan-an ni ọkùnrin tó fẹ́ gé ẹnu ọ̀pá. Ẹ má jẹ́ kí ó fọwọ́ kàn án. Ẹnu ọ̀pá ni ibi tó kẹ́yìn tí irin ti ń kan ọta. Tí etí rẹ̀ bá ga lápá kan ju ìkejì lọ, bó ti wù kó kéré tó, afẹ́fẹ́ tó ń tẹ̀ lé ọta yóò kọ́kọ́ sá gba apá tó rẹlẹ̀, yóò sì ti ìdí ọta sí ẹ̀gbẹ́ bí ó ti ń jáde. Ayùn irin àti fáìlì kò lè gé e kí ó dọ́gba, ẹ̀rọ ìyí-irin nìkan ló lè ṣe é, lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n. Lílu inú rẹ̀ tuntun sì nìyí: gbogbo ìlà tó ń yí ọta ni yóò fá kúrò. Ìgbà náà ni ọ̀pá yóò wá kú lóòótọ́.

Ẹ yẹ ẹnu náà wò fúnra yín. Ẹ mú òwú tí a fi ń nu etí, ẹ fi yí etí ihò náà ká díẹ̀díẹ̀. Ibi tí fọ́nrán òwú bá ti há, egbò wà níbẹ̀. Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti lo búrọ́ọ̀ṣì wáyà rí nínú rẹ̀.


Ọmọ Ọlóyèmẹkùn

Ẹ ṣeun, ará Ìdànrè. N kò lo búrọ́ọ̀ṣì wáyà. Àkísà nìkan ni. Mo fi òwú etí yí ẹnu ọ̀pá ká lẹ́ẹ̀mẹta, kò há níbì kankan.

Aránbàtà kan nítòsí Ọjà Ọba ló gé wọ́ṣà náà fún mi. Ó kọ́kọ́ rò pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ohun tí mo gbé wá kò tó èékánná, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé mo dúró, ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó gé mẹ́rin, ó ní kí n mú gbogbo rẹ̀ lọ nítorí pé ìkan kò ní ṣàì bá a mu. Ẹ̀kẹta ló bá a mu. Tíṣù kò fò mọ́.

Mo gbẹ́ pátákó bí ẹ ti wí, mo sì fẹ ìdí ọta tuntun 20. Mo ju méje nínú wọn nù. Mo wá yin bébà mẹ́ta ní mítà 6 kan náà, ọwọ́ mi lórí aṣọ ìbora. Ọta tuntun bó ti wà nínú agolo, pẹ̀lú wọ́ṣà tuntun: sẹ̀ǹtímítà 9. Ọta tuntun tí mo fẹ ìdí rẹ̀: 5. Ọta bàbá: 3 àti díẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì jàre, ó jọ bẹ́ẹ̀: fífẹ ìdí rẹ̀ ṣèrànwọ́, kò sì tó.

Ọ̀ràn kan ṣoṣo ló kù. Gbogbo ihò wà pa pọ̀ báyìí, àmọ́ apá òsì ni wọ́n wà, sẹ̀ǹtímítà 4 sí ibi tí mo kọ ojú sí. Ṣé mo lè fọwọ́ kan àlàfo ẹ̀yìn nísinsìnyí, Bàbá Òǹdó?


Ọmọ Ẹ̀kímọ̀gún

Ẹ lè fọwọ́ kàn án báyìí, àbúrò. Mo ní ìbọn náà kò lẹ́bi, ẹ sì ti fi hàn mí pé mo ṣe ìdájọ́ àìgbọ́-tẹnìkejì, mo gbà.

Ibi tí ẹ bá fẹ́ kí ọta lọ ni kí ẹ sún àlàfo ẹ̀yìn sí. Òsì ló ń lọ, nítorí náà ẹ sún un sí ọ̀tún. Ẹ fi rúlà wọn àlàfo tó wà láàárín ìwòye ẹ̀yìn àti ṣóńṣó iwájú. Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 18: mítà 6 gùn ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po 33 àti díẹ̀, nítorí náà ẹ pín sẹ̀ǹtímítà 4 yín sí ọ̀nà 33, yóò jẹ́ mílímítà kan àti ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì tó mú lẹ́nu dáadáa fàlà sí ibi tó wà báyìí kí ẹ tó tú síkúrù rẹ̀, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ ti kúrò. Ẹ má fi ọta bàbá ṣe é o. Ẹ fi ti èyí tí ẹ fẹ ìdí rẹ̀ ṣe é, kí ẹ tọ́jú ìyókù.


Ọmọ Ọlóyèmẹkùn

Sẹ̀ǹtímítà 17 àti ààbọ̀ ló jẹ́ lára tèmi, nítorí náà ó kù díẹ̀ kó tó iye tí ẹ pè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sún un kó tó bọ́ sójú. Lánàá, mo to ìdérí ìgò mẹ́fà sórí ìtì igi, mo rìn ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá sẹ́yìn, mo sì fi èyí tí mo fẹ ìdí rẹ̀ já mẹ́ta bọ́. Ọta bàbá ku 21 nínú agolo. Àbúrò mi tó wà ní Manchester ti bá mi rí ẹni tó ń ta 5.6, ṣùgbọ́n mo ti ní kí ó má fi ohunkóhun ránṣẹ́ títí n óò fi béèrè lọ́wọ́ àwọn tó fún mi ní ìwé àṣẹ bóyá ó lè gba bẹ́ẹ̀ wọlé. Ọjọ́ Ajé ni mo fẹ́ lọ.